Ọwọ́ Ló Ń Ba Ìjàpá Jẹ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Títún Volkswagen Àtijọ́ Ṣe Nílé

Ó ṣòro kí ẹ rìn yí àdúgbò àtijọ́ kan ká kí ẹ má rí ọkọ̀ Ìjàpá kan lẹ́yìnkùlé, tí koríko ti hù yí táyà rẹ̀ ká, tí adìẹ ń yé sí lábẹ́. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn tó ń kó o wọlé látòkè òkun sì ti wà ṣáájú ìyẹn. Ní báyìí, àwọn ọmọ tí bàbá wọn fi ń gbé lọ sílé ìwé ti dàgbà, wọ́n fẹ́ jí i dìde fúnra wọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, Ìjàpá tí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe bà jẹ́ pọ̀ ju èyí tí òjò bà jẹ́ lọ. Ọkọ̀ náà ń tan ènìyàn ni. Kò ní rédíétọ̀, kò ní kọ̀ǹpútà, bóòtì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ gíà. Ẹni tó bá ti tú jẹnẹrétọ̀ ilé rẹ̀ palẹ̀ rí á ní kí ló wà níbẹ̀ tóun ò lè ṣe.

Ká ra bátìrì tuntun, ká sítáàtì lójú ẹsẹ̀

Bátìrì dé, ará ilé pé jọ, ẹnì kan wọlé síwájú, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ tó ti dúró fún ọdún mẹ́wàá, inú sìlíńdà rẹ̀ ti gbẹ, ríìngì písítìnì lè ti dógùn-ún mọ́ ara rẹ̀. Tí sítátà bá fipá yí i, ríìngì á kán, tàbí kó ha sìlíńdà. Àwọn tó burú jù ni àwọn tó ń so okùn mọ́ ọn, tí wọ́n á fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ nínú gíà kejì.

Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà 21 há nọ́ọ̀tì tó wà lórí púlì dáínámò, kí ẹ rọra yí i. Tí kò bá yí, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ tún dúró. Tó bá yí, ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù, lítà méjì àbọ̀ ni gbogbo ohun tó ń gbà, kí ẹ sì tú asẹ́ róbótó tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì wò. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú lẹ bá níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dànù. Tó bá jẹ́ èérún irin tó ń dán, ẹ́ńjìnnì yẹn fẹ́ kí wọ́n tú òun kó tó ṣiṣẹ́. Epo inú táǹkì náà, ẹ má dán an wò: pẹtiróòlù tó ti pẹ́ ń dì bí gọ́ọ̀mù, òun ló sì ń dí ihò kàbúrétọ̀.

Yíyọ páànù ẹ́ńjìnnì "kó lè rí atẹ́gùn"

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ìjàpá ò fi omi tu ara rẹ̀, atẹ́gùn ló fi ń tu ú. Fáànù kan wà nínú àpótí páànù tó dúró lóòró sórí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá dáínámò ló gbé fáànù yìí, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí méjèèjì. Fáànù á fa atẹ́gùn tútù wọlé, á tì í sísàlẹ̀ gba ara sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá, èyí tó ti gbóná á bá abẹ́ ọkọ̀ jáde. Àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká, pẹ̀lú rọ́bà tó wà létí wọn, ni wọ́n fi pààlà sáàárín atẹ́gùn tútù òkè àti gbígbóná ìsàlẹ̀.

Mẹkáníìkì tó jẹ́ pé ọkọ̀ onírédíétọ̀ ló mọ̀ á wo gbogbo páànù wọ̀nyẹn, á ní àwọn ló ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná, á tú wọn, á sì kó wọn tira ògiri. Rọ́bà etí rẹ̀ tó ti gbó, kò ní fi òmíràn sí i. Láti ọjọ́ náà, atẹ́gùn gbígbóná tó jáde nísàlẹ̀ á máa gòkè padà, fáànù á sì tún máa fà á wọlé. Ọkọ̀ ò ní kọṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Ẹ lè gbé e dé Ìbàdàn kí ẹ sì gbé e bọ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀, kò ní lè gun òkè mọ́, wọ́n á ní kàbúrétọ̀ ni, wọ́n á pààrọ̀ kàbúrétọ̀.

Sìlíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà náà. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe títí di nǹkan bí ọdún 1970, inú àpótí fáànù gan-an ni wọ́n gbé ohun tó ń tu ọ́ìlì lára sí, ó sì dí ọ̀nà atẹ́gùn tó ń lọ sọ́dọ̀ sìlíńdà kẹta. Èyí tó bá rí ibi yọjú, ó ti gbóná kó tó débẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ rí i, wọ́n sì fún ohun náà ní ọ̀nà atẹ́gùn tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Tí ẹ bá wá yọ páànù kún ìyẹn, fáàfù ẹ́sọ́ọ̀sì sìlíńdà kẹta á jó, tàbí kí orí rẹ̀ já bọ́ sórí písítìnì. Nígbà yẹn, ẹ́ńjìnnì ti kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù.

Ọ̀rọ̀ fáàfù yìí náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Àlàfo tó wọ́pọ̀ láàárín fáàfù àti apá irin tó ń tì í jẹ́ mílímítà 0.15 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Òwúrọ̀ kùtù ni mò ń pè ní tutù, kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì rẹ̀. Ẹni tó wá láti ọ̀nà, tó sinmi díẹ̀, tó wá ń wọn fáàfù, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Àwọn mìíràn sì wà tí ohùn tíkí-tíkí tó ń wá láti ẹ̀yìn ń bí nínú. Wọ́n á máa fún fáàfù náà pọ̀ títí kò fi ní pariwo mọ́, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti jókòó. Fáàfù tí wọ́n fún jù kò ní padé tán. Ìgbà tó bá padé dáadáa nìkan ló ń rí àyè kó ooru rẹ̀ fún tọ́ọ̀pù sìlíńdà, tí kò bá sì padé, ooru náà á dúró sí i lára títí á fi jó. Ìjàpá tó ń tíkí díẹ̀ sàn fún mi ju èyí tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ tẹ bẹ́líìtì pẹ̀lú àtàǹpàkò. Tó bá wọnú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀, ó dáa. Wáṣà tó wà láàárín ìlàjì méjì púlì ni wọ́n fi ń fà á le tàbí dẹ̀ ẹ́. Ẹ má ju èyí tí ẹ bá yọ nù, iwájú púlì níta ni kí ẹ tò ó sí, nítorí ẹ máa nílò rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ẹ bá fi bẹ́líìtì tuntun sí i. Tí iná dáínámò bá sì tàn lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe bíi ti ọkọ̀ yòókù, kí ẹ ní bátìrì á gbé yín délé. Bóyá bẹ́líìtì ló já, tó bá sì já, fáànù náà ti dúró nìyẹn. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kíákíá.

Ẹni tó bá ní Igala, ọ̀rọ̀ yìí kàn án pẹ̀lú. Brasília tí Volkswagen ṣe ní Brazil nígbà kan ni wọ́n tò pọ̀ l'Ékòó tí wọ́n sọ ní Igala, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló ń tu òun náà.

Àìbìkítà fún iná

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, lọ́wọ́ ọ̀tún, ìjókòó náà sì ní sípíríìngì irin nínú. Tí bátìrì tí ẹ rà bá ga ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ ò sì fi nǹkan bò ó, ọjọ́ tí ẹni tó sanra bá jókòó síbẹ̀ ni sípíríìngì á kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀. Ìjókòó á gbiná lábẹ́ onítọ̀hún. Gígé rọ́bà tó nípọn lé e lórí ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, síbẹ̀ ẹ wo iye ọkọ̀ tí ẹ máa rí tí kò sí níbẹ̀.

Rọ́bà epo wá ńkọ́? Iwájú ni táǹkì wà, epo á gba inú ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ojú ọ̀nà náà, ì báà jẹ́ pé ó ṣì dán. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ká: ara rẹ̀ á là wẹ́wẹ́. Àṣà burúkú kan tún wà, kí wọ́n fi asẹ́ epo oníike há àárín rọ́bà náà lókè dísítíríbútọ̀. Asẹ́ yẹn wúwo, ó ń mì, á máa fa rọ́bà títí á fi bọ́, epo á sì máa kán sórí ibi tí iná ti ń ṣẹ́. Ẹ gbé e lọ sábẹ́, lẹ́bàá gíà. Ẹ́ńjìnnì yìí, mànísíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi rọ ara rẹ̀; tí mànísíọ̀mù bá ti gbiná, omi á túbọ̀ máa ru ú sókè ni. Ẹ ra agolo ìpaná oníyẹ̀fun kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Gígé abẹ́ ọkọ̀ láì fi irin gbè é

Abẹ́ bátìrì ni ìpáàrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á wá lọ sí ilẹ̀ ọkọ̀ àti àwọn àpótí gígùn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi ẹnu súkúrúdíráfà gún un. Ibi tó bá wọlé, irin ti tán níbẹ̀. Àwọn àpótí gígùn yẹn ló mú kí ara ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá gé méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà láì kọ́kọ́ jó irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, ara ọkọ̀ á tẹ̀, ilẹ̀kùn kankan ò sì ní padé mọ́. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ jó o tán, kí ẹ máa ti ilẹ̀kùn wò bí ẹ ti ń ṣe é lọ. Ẹ má sì jó irin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi agolo ìfọ-bíréèkì fọ̀. Àwọn kan ní kúlórínì nínú, iná wẹ́dà á sì sọ ọ́ di gáàsì olóró.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn yẹn náà ni nọ́ńbà ṣáàṣì wà. Tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà bá fi ẹ̀rọ ha á nù, kí lẹ fẹ́ sọ fún ọlọ́pàá? Ẹ lẹ tépù mọ́ ọn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Búlọ́ọ̀kù, nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn àti bíréèkì

Búlọ́ọ̀kù ilé máa ń fọ́ láìkìlọ̀, ẹ má gbé ọkọ̀ lé e kí ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin ni kí ẹ lò. Táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú, nítorí náà bí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, ẹ fi òkúta dí ti iwájú.

Nọ́ọ̀tì ńlá tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn, 36 ni, agbára tí wọ́n fi ń dì í tó nǹkan bí 300 Nm. Ilẹ̀ ni kí táyà wà tí ẹ bá fẹ́ tú u tàbí dì í. Àwọn tó ń fi òòlù àti irin gbá a ń bà á lẹ́nu jẹ́. Èyí tí wọn ò sì dì tó á máa mì títí á fi jẹ eyín inú dúrọ́ọ̀mù tán.

Ẹ má fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú ẹnu tàbí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún. Rọ́bà bíréèkì tó ti gbó lè wú nínú: ẹ tẹ bíréèkì, ó mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò tú. Pípààrọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ máa tú dúrọ́ọ̀mù kiri.

Jíju páàtì àtijọ́ nù

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ di bóòtì ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ kọ orúkọ sí i. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó ń dunni ni ti ẹni tó kó dúrọ́ọ̀mù àti páànù àtijọ́ fún àwọn alágbàtà irin, tó wá lọ ra tuntun ní Ládìípọ̀, tó délé tí ihò bóòtì ò bá ara wọn mu. Páànù Jámánì àtijọ́ tí ẹ fọ̀, tí ẹ sì kùn, máa ń nípọn ju ọ̀pọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà lọ. Páàtì àtijọ́ kankan ò gbọdọ̀ kúrò nílé títí tuntun á fi wọlé síbi tó yẹ, tí ẹ á sì ti wa ọkọ̀ náà dé ibì kan tí ẹ sì wà á padà.