Bí a ṣe ń tọpasẹ̀ ìran ẹbí aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti di àna àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ọmọ ti wà láàárín, ọjọ́ sì ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò béèrè ibi tí ìdílé rẹ̀ apá ibẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nílé, oríkì àti agboolé lè dáhùn. Lọ́hùn-ún, inú ìwé ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn wà. Ọ̀dọ̀ alààyè la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá máa padà sẹ́yìn ní ìran kan tẹ̀lé òmíràn, láìfo ọ̀kankan. Ẹni tó bá sáré fò lọ sígbà ẹrú, ìdílé ẹlòmíràn ló máa bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ má bi wọ́n pé, “Níbo la ti wá?” Ìbéèrè yẹn fẹ̀ jù. Ẹ bi wọ́n pé: Àwọn wo lẹ bá nínú ilé nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Ìjọ wo lẹ ń lọ? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n máa ń kó yín lọ nígbà ìsinmi? Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 aláwọ̀ dúdú ló kó kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ tó wà ní Gúúsù lọ sí Chicago, Detroit, New York, Los Angeles àti àwọn ìlú mìíràn. Ìsinmi tí wọ́n lọ lò ní Mississippi, ní Gúúsù yẹn, lè jẹ́ ọ̀nà ilé gan-an. Ẹ gba orúkọ ìnagijẹ, ẹ gba orúkọ ilé bàbá àwọn obìnrin, kí ẹ sì béèrè káúńtì, ìyẹn ẹkùn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀. Orúkọ ìpínlẹ̀ nìkan kò tó, torí káúńtì ló ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún.

Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè Bíbélì ẹbí àti ìwé ètò ìsìnkú. Èmi fẹ́ràn ìwé ètò ìsìnkú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ojú ewé kan ṣoṣo lè sọ ìlú tí wọ́n ti bí olóògbé, orúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì, ìjọ tó ti ṣèrìbọmi, àwọn àbúrò tó ti lọ ṣáájú rẹ̀, àti àwọn tó ṣẹ́kù pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ń gbé. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn ìwé níbi tí orúkọ àwọn tó gbé pósí máa ń wà.

Ó wá kan ìwé ìkànìyàn. Láti 1790 ni wọ́n ti ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, ọdún 72 ni wọ́n sì fi ń pa orúkọ mọ́ kí wọ́n tó ṣí i fáyé rí. Ti 1950, tí wọ́n ṣí ní 2022, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí FamilySearch, ìkànnì ayélujára fún ìwádìí ìran. Lẹ́yìn náà 1940, 1930, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ wá ti 1890 títí: iná tó jó ní Washington ní 1921 ló kó bá a, díẹ̀ báyìí ló kù. Ti 1900 dára púpọ̀, ó kọ oṣù àti ọdún ìbí, iye ọmọ tí obìnrin bí, àti iye tó wà láàyè. Ti 1880 sọ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe jẹ́ sí olórí ilé, ti 1870 kò sọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọmọdé inú ilé ni kí ẹ pè ní ọmọ onílé. Orúkọ lè yí, ọjọ́ orí lè lọ sókè sódò, bí akànìyàn bá ṣe gbọ́ ọ ló ń kọ ọ́. Ẹ máa ka ojú ewé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, torí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àna sábà máa ń gbé nítòsí ara wọn.

Ní 1870 ni ọ̀nà máa ń dí. Ìkànìyàn ọdún yẹn ló kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni ti ẹrú: orúkọ olówó wọn hàn gbangba, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ni wọ́n ń kọ fún ẹrú fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wá mọ olówó náà, ẹ má sì rò pé orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n á jọ máa jẹ́. Ẹ lọ wo ìwé Freedmen's Bureau, iléeṣẹ́ ìjọba tó ran àwọn tó bọ́ lóko ẹrú lọ́wọ́, 1865 sí 1872, níbi tí àdéhùn iṣẹ́ àti ìgbéyàwó wà. Ẹ wo ti Freedman's Bank náà, báńkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún wọn, 1865 sí 1874. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì níbẹ̀, wọ́n máa ń bi í ní orúkọ òbí àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, nígbà mìíràn olówó rẹ̀ àtijọ́ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá ti rí olówó, ẹ lọ sí ilé ẹjọ́ káúńtì, kí ẹ wá ìwé ìhágún rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ohun ìní tó fi sílẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ obìnrin kan, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, iye owó níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, lójú ewé kan náà tí wọ́n kọ ìbaaka àti bẹ́ẹ̀dì sí. Ìwé yẹn ń dun ni wọra. Ẹ má dá nìkan kà á, ẹ pe ẹlòmíràn nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ dà á kọ tán, torí ó lè jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni orúkọ ìyá àgbà kan wà láyé.

Ẹ tún ṣọ́ ibi tí ìwé ìkànìyàn ti ń béèrè ìlú ìbí. Wọ́n lè kọ “Africa” síbẹ̀. Òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀ láti 1808, síbẹ̀ ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 èèyàn láti Ouidah wá sí Mobile, ní Alabama, ní 1860. Oluale Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà lára wọn. Ọmọ Yorùbá ni, láti ilẹ̀ tó di Orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ dé ló tẹ Africatown dó, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ kó tó kú ní 1935.

Irú ẹ̀rí báyìí ni kí ẹ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó kọ “Yorùbá”: orúkọ tí ẹbí pa mọ́, orúkọ ìlú, tàbí ọkọ̀ tó gbé wọn. Senegambia (agbègbè Senegal àti Gambia), ilẹ̀ Kóńgò àti Àǹgólà, àti ilẹ̀ Igbo ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ Amẹ́ríkà ti wá. Àyẹ̀wò DNA lè bá yín rí ìbátan tó wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè sọ orúkọ ìlú. Níbi tí ẹ̀rí bá ti tán, ẹ kọ “Áfríkà” bí ìwé ṣe kọ ọ́, kí ẹ kọ orúkọ ìwé, ọdún àti ojú ewé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un yẹ̀ wò.