Bí A Ṣe Lè Mú Kí Ọmọ Tó Nílò Ìtọ́jú Àkànṣe Fara Balẹ̀ Nínú Ìsìn

Ẹni tó bá ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Òmù-Àrán tàbí ní Ọ̀fà yóò ti rí ọmọ tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí, tó sì máa ń ké tantan bí ìlù bá ti dún. Kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olóríkunkun, tàbí kó ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń dà á láàmú, ohun tó ṣẹlẹ̀ kí igbe náà tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ mú ìwé kékeré kan dání fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ máa kọ ohun tó ṣáájú, ohun tí ọmọ náà ṣe, àti ohun tí àwọn àgbà ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ ó rí i bóyá sípíkà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, tàbí ebi.

Ariwo tí àwa ń jó sí lè máa dun ọmọ tó ní ọ́tíísímù létí gan-an, ìyẹn ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìró àti ọ̀rọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀ sí tiwa láti kékeré. Ẹ gbé ìjókòó rẹ̀ sí ẹ̀yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wá ibi tó pa rọ́rọ́, ìbáà ṣe abẹ́ igi máńgòrò, tí àgbàlagbà tó mọ̀ dáadáa yóò máa mú un lọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá ké nìkan la máa ń mú un jáde, a ti kọ́ ọ pé igbe ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fún un ní páálí pupa kékeré kan, kí ẹ kọ́ ọ pé bó bá ti nà án sókè, ẹ ó jáde. Lọ́jọ́ tó bá sì nà án, ẹ dìde lójú ẹsẹ̀, kódà kí pásítọ̀ máa wàásù lọ́wọ́.

Ẹ ya àwòrán àwọn apá ìsìn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn, ìlù, Bíbélì, àpò ọrẹ àti bisikíìtì, sórí páálí gígùn kan. Bí ọ̀kan bá ti parí, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e, kó lè mọ ohun tó kù.

"O káre" nìkan kò tó, nítorí kò sọ ohun tó dára níbẹ̀. Ẹ fi oríkì pè é lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe: "Àkànní, o fọwọ́ lé itan títí àdúrà fi parí." Ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tiwa níbí, mi ò tíì rí ọmọ tí orí rẹ̀ kì í wú bí a bá fi oríkì pè é. Pàṣán lè pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe.

Ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó máa ń tù ú nínú, kì í ṣe lójú gbogbo ìjọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìlọrin, ẹ sì lè bẹ olùkọ́ kan láti ibẹ̀ kó wá bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹlòmíràn yóò bá gba kíláàsì náà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìwé kékeré yẹn lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ibi tí páálí pupa wà hàn án.