Bó o ṣe lè kọ orin soul ní Yorùbá tí àwọn ìyá àgbà ò ní fi ẹ́ rẹ́rìn-ín

Àwọn ọmọ kwáyà wa ní Ṣàgámù ló ń da ìbéèrè yìí bò mí, pé báwo lèèyàn ṣe ń kọ orin soul, ìyẹn orin tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà mú ohùn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe tí wọ́n wá fi ń kọ ti ìfẹ́ àti wàhálà ayé, tó bá jẹ́ pé Yorùbá lo fẹ́ fi kọ ọ́. Èmi ò kàwé orin kankan o, fèrèsé alumíníọ̀mù ni mo ń ṣe látàárọ̀, alẹ́ Sátidé ni mo ń kọrin lóde. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ́ lójú agbo rí, torí náà ẹ gbọ́ tèmi.

Kọ́kọ́ mú olórin kan ṣoṣo ṣe ọ̀gá, má kó mẹ́wàá jọ. Tèmi ni Bill Withers. Ọdún 1938 ni wọ́n bí i ní Slab Fork, ìlú àwọn tó ń wa èédú ní West Virginia, ó ń kólòlò ní kékeré, ó ṣe ọdún 9 nínú ológun ojú omi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1971, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bàálù ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Wo fọ́tò iwájú àwo yẹn, ilé iṣẹ́ ló dúró sí, ike oúnjẹ ọ̀sán ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìwọ tó o ní ṣọ́ọ̀bù, má tíì tì í o jàre.

Lẹ́yìn náà, wá ọ̀rọ̀ kékeré tó jẹ́ tìẹ. Withers kọrin odidi nípa ọwọ́ ìyá àgbà ẹ̀, ọwọ́ lásán! Má bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìfẹ́ ní oyin, gbogbo ayé ti pè é bẹ́ẹ̀. Èmi, ìyá mi àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo rántí, gàrí ni wọ́n ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú, tí kò bá kan kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú. Tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin bá ti wà nínú àpò lábẹ́ òkúta fún bí ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á tú ẹnu àpò, wọ́n á bu díẹ̀ sátẹ́lẹ́wọ́, wọ́n á gbé e símú, wọ́n á rún ojú pọ̀, wọ́n á ní "kò tíì kan", wọ́n á tún so ó padà. Gbólóhùn yẹn ni mo fi kọrin nípa ọmọbìnrin kan tí mo kánjú bá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Ibi ohùn ni wàhálà wà, ibẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Mo ti gbọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa ń gbé ohùn lọ sókè níparí ìlà, èmi náà gbé tèmi lọ síbẹ̀ níbi òkú àgbà kan n'Íjẹ̀bú-Òde, "kò tíì kan" bá di "kò tíì kán". Màmá kan tó jókòó níwájú, gèlè wọn ga bí ilé, ní "Kí ni ò tíì kán, ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ ẹ ni?" Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ká ní mo sì já ohùn wálẹ̀ ni, á di "kò tíì kàn", bíi pé mo ń tò lórí ìlà bẹntiróòlù.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí. Mo máa sọ ìlà náà sínú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, mo máa wá pa ẹnu dé kí n fi imú kùn ún, kíkùn yẹn gan-an lohùn orin, gìtá á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a níbẹ̀. O lè fa ọ̀rọ̀ gùn bó ṣe wù ẹ́, ṣá má yí i lórí kodò. Tó ò bá gbà mí gbọ́ lọ gbọ́ Haruna Iṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó wa, bó ṣe ń kọ àpàlà bí ẹni jókòó sọ̀rọ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó máa rú ẹ lójú.

Má sì kó òwe kún gbogbo àlàfo, àrùn wa nìyẹn. Withers fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ míì sí àárín orin ẹ̀ kan, Ain't No Sunshine, àwọn tí wọ́n jọ wà ní sítúdíò ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ló bá jẹ́ pé "I know" ló ń pè nígbà 26.

Ẹ má kọ ọ́ nígbà tí ìnáwó bá ti gbóná o, ẹni tó fẹ́ gbọ́ oríkì kò ní ná ẹ lówó nítorí ẹ̀gẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń pín ìkọ́kọrẹ́ ló dáa, ẹnu wọn á dí, etí wọn á là.

Kẹ́ ẹ tó wọ sítúdíò, kí ìwọ àti ẹni tó ń ta gìtá fọwọ́ síwèé pé ta ló kọ kí ni. Ẹnì kan ti gba orin lọ́wọ́ mi rí, ọ̀rẹ́ mi ni, kò síwèé, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ìdánwò tó kẹ́yìn: kọ ọ́ fún àgbàlagbà kan láìsí ìlù, kó o ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Èmi padà lọ bá màmá onígèlè yẹn nílé wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "Ṣé gàrí ni ò tíì kan, àbí ọmọbìnrin yẹn?" Mo ní méjèèjì ni, mà.