Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó tẹ bọ́tìnì: ìrírí mi nínú kíkọ́ni ní Scratch

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú mi ni pé kí n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí ní àṣẹ àṣetúnṣe, ìyẹn àṣẹ tí ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe ohun kan náà léraléra, nínú kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Scratch, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọdé tí MIT Media Lab gbé jáde ní ọdún 2007, ni mo yàn, nítorí pé ṣe ni akẹ́kọ̀ọ́ ń so àwọn àṣẹ mọ́ ara wọn nínú rẹ̀, tí àṣìkọ kò fi lè dá a dúró. Ó sì ní èyí tí a lè gbé sórí kọ̀ǹpútà, tí yóò máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti dán an wò lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣáájú ọjọ́ ẹ̀kọ́, pàápàá àwọn àṣẹ ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Pen, nítorí pé láti ìgbà tí Scratch 3.0 ti dé ní oṣù kìíní ọdún 2019, a kì í rí wọn àfi bí a bá lọ pè wọ́n láti ibi bọ́tìnì tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì.

Ìlànà tí mo tẹ̀ lé ni èyí tí Sue Sentance, olùwádìí nípa kíkọ́ni ní kọ̀ǹpútà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí a mọ̀ sí PRIMM, ìyẹn lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ìpele márùn-ún rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́kọ́ sọ ohun tí ó rò pé ètò kan yóò ṣe, á mú un ṣiṣẹ́, á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, á yí i padà, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ ti ara rẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ yẹn rọrùn láti fò nígbà tí àkókò bá kéré, ṣùgbọ́n èmi gbà pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dúró lé.

Nítorí náà, a kò tan kọ̀ǹpútà kankan ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo pín ìwé fún wọn ní méjì-méjì, ètò kúkúrú kan sì wà lórí rẹ̀: kí ológbò Scratch, ìyẹn àwòrán tí ń tẹ̀ lé àṣẹ, rin ìṣísẹ̀ 100, kí ó yí sí ọwọ́ ọ̀tún ní 90 dìgírì, kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Mo ní kí wọ́n ya ohun tí ológbò náà yóò fà sórí ìwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sí i, nítorí ẹni tí ó bá ti fi orúkọ sí ìdáhùn yóò fẹ́ mọ ìdí tí ó fi yàtọ̀ sí ohun tí ó rí. Lẹ́yìn èyí, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó sì rin àwọn àṣẹ náà bí a ti ń kà wọ́n sókè. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Seymour Papert, tí òun pẹ̀lú Wally Feurzeig àti Cynthia Solomon dá Logo, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà kan, sílẹ̀ ní ọdún 1967, fẹ́ kí ọmọ máa fi ara rẹ̀ sí ipò ìjàpá tí ń yàwòrán nínú Logo.

Nígbà tí a wá tẹ àsíá aláwọ̀ ewé tí ń mú ètò bẹ̀rẹ̀, onígun mẹ́rin jáde, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó kọrí sí, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ya tiwọn sí òkè. Ìyàtọ̀ kékeré yìí mú wá rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni ìdojúkọ 90, èyí tí ológbò fi ń bẹ̀rẹ̀, ń tọ́ka sí nínú Scratch, tí 0 sì ń tọ́ka sí òkè. Àwòrán náà tún yára ju ojú lọ, nítorí náà a fi àṣẹ kan kún un pé kí ológbò dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 1 lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti jinlẹ̀ jù ni ìgbà tí mo ní kí wọ́n sọ ọ́ di onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló fi 3 rọ́pò 4, tí wọ́n sì fi 60 rọ́pò 90, nítorí wọ́n ti kọ́ nínú ìṣirò pé 60 dìgírì ni igun kọ̀ọ̀kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́ta tí kò padà pàdé ni ó jáde, ìdajì onígun mẹ́fà. N kò sọ ìdáhùn fún wọn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa onígun mẹ́ta sílẹ̀, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa rìn lórí ìlà rẹ̀, kí ó dúró ní igun láì tíì yí ojú padà. Gbogbo kíláàsì rí i pé iwájú ni ó ṣì kọjú sí, nígbà tí ìlà kejì ti yà lọ sẹ́yìn rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ó ní láti yí ju ìdá mẹ́rin òbìrí lọ kí ó tó lè kọjú sí ìlà náà. Igun inú àwòrán kọ́ ni ológbò ń yí. Ohun tí ó kù bí a bá yọ 60 kúrò nínú 180 ni, èyí tí ó jẹ́ 120. Àwọn fúnra wọn ló wá kíyè sí i pé 120 lọ́nà 3 jẹ́ 360, pé 90 lọ́nà 4 náà sì jẹ́ 360. Inú mi dùn púpọ̀ sí èyí, nítorí kò sẹ́ni tó gbé òfin náà fún wọn.

Láti ibẹ̀, wọ́n ń pín 360 fún iye ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá fẹ́. Onígun méje kò pín dọ́gba, nítorí náà mo fi hàn wọ́n bí a ṣe lè ki àṣẹ pípín bọ inú àṣẹ yíyí kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Onígun méje yìí kan náà tún bọ́ sísàlẹ̀ kọjá ibi tí ojú lè rí, nítorí ìwọ̀n pèpéle Scratch, ibi tí àwòrán ti ń hàn, jẹ́ ìṣísẹ̀ 480 ní ìbú àti 360 ní gíga, tí ológbò sì ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Wọ́n dín ìṣísẹ̀ kù sí 50. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ 36 dán an wò pẹ̀lú ìṣísẹ̀ 10, òbìrí ni ojú rí.

Ní ti kọ̀ǹpútà tí kò tó, ẹni kan ń di máòsì mú, ẹnìkejì ń ka ètò, ó sì ń sọ ohun tí ó kàn, wọ́n á sì pààrọ̀ ipò bí aago bá dún. Àwọn tí kò tíì kàn ń to àwọn àṣẹ tí mo gé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ìwé, tí mo sì dà rú, padà sí ipò wọn. Iṣẹ́ gidi ni èyí, kì í ṣe ohun tí a fi ń pa àkókò.

Níkẹyìn, wọ́n fi àṣetúnṣe kan sínú òmíràn: onígun mẹ́rin ní ẹ̀ẹ̀méjìlá, pẹ̀lú 30 dìgírì láàárín wọn, títí òdòdó fi yọ. N kò fi ẹwà òdòdó náà díwọ̀n òye ẹnikẹ́ni. Mo lọ bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì bi wọ́n pé, bí mo bá sọ 12 di 6 láì fọwọ́ kan 30, kí ni yóò jáde? Ẹni tí ó bá dáhùn pé òdòdó náà yóò dúró ní ìdajì ọ̀nà, tí ó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ni mo gbà pé àṣetúnṣe ti yé.

Ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e wà ní Python, èdè kọ̀ǹpútà tí a ń tẹ àṣẹ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀, pẹ̀lú turtle, irinṣẹ́ ìyàwòrán bíi ti ìjàpá Logo, tí ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Onígun mẹ́rin yẹn náà ni mo tún tẹ̀ sórí ìwé, pẹ̀lú for àti range(4), tí wọ́n ń sọ pé kí a ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, mo sì pín in fún wọn kí a tó tan kọ̀ǹpútà.