Bí mo ṣe sọ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré bàbá mi dààyè, àti bí ẹ ṣe lè sọ tiyín dààyè

Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí náà ti rọ̀, okùn tí bàbá mi fi dì í sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Bí mo ṣe tú u, òórùn epo tó ti gbẹ mọ́ irin ló kọ́kọ́ jáde. Kí n tó fojú kan ẹ́ńjìnnì rárá, mo ti rí bàbá mi lọ́kàn mi: ó dojú bolẹ̀ ní pálọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, kó lè máa wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó dúró létí ọ̀nà réluwéè gidi.

Ọkọ̀ Lionel ni, ìyẹn orúkọ àwọn ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kan láti Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì: ẹ́ńjìnnì dúdú kan àti ọkọ̀ mẹ́rin tó ń fà. Kì í ṣe òun ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Èyí tí mo kọ́kọ́ dáwọ́ lé, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Mo fi ọṣẹ àti kànrìnkàn líle fọ̀ ọ́, nọ́ńbà funfun tó wà lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ sì bá omi lọ. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú páálí bẹ́ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.

Ẹ má tíì ki nǹkan kan bọ ojú iná mànàmáná. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà nínú páálí, pẹ̀lú eruku lára rẹ̀, kí ẹ lè mọ àyè tí kálukú wọn ń gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí ẹ jọ fi ṣeré nígbà náà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo sọ fún un pé ẹyọ kan tẹ̀ nínú àwọn irin tí ọkọ̀ ń gbà, pé mo ti mú pìláyà lọ́wọ́ kí n tọ́ ọ.

Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án o! Alẹ́ ọjọ́ tó o sùn lọ sídìí ọkọ̀, tí Bàbá ń gbé ẹ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó pariwo, ìwọ ò tiẹ̀ jí."

N kò gbọ́ ọ rí. Mo dá pìláyà padà sínú àpótí irinṣẹ́. Láti ìgbà náà, ohun tó bá ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́ láti rìn ni mò ń tún ṣe. Èyí tó bá jẹ́ àpá lásán, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó nu ohunkóhun: ta ló rà á, ta ló já a bọ́, èwo ni kálukú yín máa ń jà sí. Inú páálí ni kí ìwé náà máa gbé.

Ó wá kan tìráńsífọ́mà, àpótí tó ń dín iná ilé kù sí èyí tí ọkọ̀ ìṣeré lè lò. Ẹ fọwọ́ tẹ wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Tí ara rẹ̀ bá ti sán, tàbí tó ń rún sí yín lọ́wọ́, ẹ gbé e lọ fún oníṣẹ́ iná kó pààrọ̀ wáyà náà. Ẹ má fi téèpù wé e. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, iná fóltì 110 sí 120 ló ń lò. Tí iná ilé yín bá jẹ́ 220 sí 240, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń dín iná kù sáàárín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa jóná. Ẹ má sì gbé tìráńsífọ́mà irú ọkọ̀ kan fún òmíràn: iná AC (irú èyí tó ń wá láti ara ògiri) ni Lionel yìí àti Märklin àtijọ́ ti Jámánì ń lò, ṣùgbọ́n Hornby Dublo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 1938, DC (irú èyí tó ń wá láti inú bátìrì) fóltì 12 ni tirẹ̀. Àwọn Hornby tó kọ́kọ́ jáde ní 1920 kò tiẹ̀ mọ iná, kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yí sípíríìngì wọn. Ẹ rọra yí i. Tó bá ti ń le, ẹ dúró.

Ẹ́ńjìnnì ni mo máa ń fún ní àkókò jù. Ẹ dà á dé sórí aṣọ rírọ̀. Ẹ máa rí róólà kéékèèké lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ló ń gba iná láti ara irin àárín nínú irin mẹ́ta tí Lionel ń gùn. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú isopropyl alcohol, irú ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, nù wọ́n títí tí òwú kò fi ní dúdú mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí àwọn táyà. Nídìí táyà tiwa, òwú búlúù tínrín kan ti wé mọ́ ọ̀pá tó so táyà méjì pọ̀, ó ti le bí okùn bàtà. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u fún bí ìdajì wákàtí. Nígbà tí mo nà án sórí bébà, mo mọ̀ ọ́n: ara kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa ni, èyí tí wọ́n ti kó dànù tipẹ́tipẹ́. Inú àpò lẹ́tà ló wà báyìí.

Ẹ tú pátákó tó di kábọ́ọ̀nù mú, ìyẹn àwọn ègé dúdú tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò ẹ́ńjìnnì. Kábọ́ọ̀nù méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò ju orí ìṣáná lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fò sọnù. Bàbà róbótó tí wọ́n ń ha mọ́ yóò ti dúdú. Ẹ fi òwú yẹn kan náà nù ún títí yóò fi pọ́n, kí ẹ sì fi igi ìtayín ha ìdọ̀tí kúrò nínú àlàfo rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gíríìsì àtijọ́ yóò ti di bí oje igi. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fi tuntun sí eyín ẹ̀rọ. Ẹ kán epo ẹyọ kan péré sí ibi tí ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan ti ń yí. Epo kò gbọ́dọ̀ kan bàbà yẹn.

Aṣọ tútù díẹ̀ tó fún ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ńbà. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ẹ jọ̀ọ́.

Irin tí ọkọ̀ ń gbà kò ní wàhálà púpọ̀: aṣọ àti alcohol yẹn náà ni. Ẹ má ṣe fi fọ́nrán irin táwọn kan fi ń ha ìkòkò ha á, torí àwókù rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin oofà inú ẹ́ńjìnnì.

Nǹkan kan wà tí n kò lè kọ́ yín ní àtúnṣe rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun, òjé ti dà pọ̀ mọ́ irin síńkì (zinc) tí wọ́n yọ́ fi ṣe wọ́n. Síńkì bẹ́ẹ̀ máa ń wú, á sán, á sì máa rún. Tí ẹ bá rí i lára tiyín, ẹ gbé e sórí pẹpẹ kí ẹ máa wò ó, ẹ má fi rìn.

Nígbà tí mo tan tèmi, iná iwájú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò mira. Ọkàn mi já. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wá irin kékeré kan tó yọrí lókè ẹ́ńjìnnì. Òun ló ń so ẹ̀rọ ìyípadà, èyí tó ń mú ọkọ̀ lọ síwájú, dúró tàbí padà sẹ́yìn, mọ́ ojú kan. Ẹnì kan ti gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dá a padà, mo pa iná, mo tún un tàn. Ó kùn bí oyin, ó sì gbéra.

Mo tò irin náà yípo ẹsẹ̀ àga bí Bàbá ṣe máa ń tò ó, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé fóònù sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Táyà rẹ̀ kọ lu nǹkan, ó dún kẹ̀kẹ̀, ó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ti dé ibi tí Bàbá tẹ̀ yẹn."