Àṣìṣe tí àwọn ẹbí wa máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ lọ kí ọmọ wọn tó jẹ́ sójà lókè òkun

Ó ṣòro kí èèyàn wọ àdúgbò kan ní Àkúrẹ́ báyìí kó má gbọ́ pé ọmọ ilé kan ti di sójà Amẹ́ríkà tàbí sójà ìlú Ọba. Bó bá ṣe díẹ̀, wọ́n á ní wọ́n ti gbé e lọ sí Jámánì, tàbí Kòríà, tàbí Sáípírọ́ọ̀sì. Àwọn ará ilé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó jọ pé àwọn fẹ́ lọ fojú kan ọmọ. Ti àbúrò mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024, èmi, Màmá wa àti ọmọ mi obìnrin lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀ nítòsí Kaiserslautern ní Jámánì, níbi tí àwọn sójà Amẹ́ríkà àti ẹbí wọn pọ̀ sí jù lọ lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí a máa gbìyànjú nìyẹn. Ti àkọ́kọ́, owó ló bá a lọ. Láti ìgbà tí a ti dé ni àwọn èèyàn ti ń wá bá mi fún ìmọ̀ràn, ohun kan náà ni mo sì ń rí lára wọn: wọ́n ń palẹ̀ mọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ọmọ òkè òkun, wọ́n gbàgbé pé ọmọ yìí kò dá ara rẹ̀ ní.

Ríra tíkẹ́ẹ̀tì kí líìfù ọmọ tó jáde

Èyí ló jẹ owó wa. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, mo rí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ wálẹ̀ fún ìrìn àjò oṣù Kejìlá, mo sáré ra mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn kì í dá owó rẹ̀ padà. Mo rí i, mo ní kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣebí àbúrò mi ti sọ pé òun máa gba àyè fún Kérésì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló pè mí lóru.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní a ń lọ fíìdì, inú oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni.”

“Fíìdì wo? Ṣé o ò lè bẹ ọ̀gá rẹ ni?”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Àǹtí, wọn kì í bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Fíìdì tó ń wí ni kí wọ́n kó ikọ̀ wọn lọ síbi ìdánrawò ogun. Ní Jámánì, Grafenwöhr àti Hohenfels ní ìpínlẹ̀ Bavaria ni wọ́n sábà máa ń kó wọn lọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí fóònù ò sì ní máa lọ déédéé. Nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, owó orí tí wọ́n kó mọ́ ọn nìkan la rí gbà padà. Mo bá ọmọ náà yodì fún bí oṣù kan. Títí di òní ni mo ń kábàámọ̀ rẹ̀, torí kò ṣẹ̀ mí.

Ẹ dúró títí ọ̀gá rẹ̀ á fi buwọ́ lu líìfù. Ẹ bi í bóyá ìdánrawò wà nínú ètò oṣù yẹn, kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ má bi í pé níbo, ẹ má sì bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n máa padà. Kò yẹ kó máa sọ ọ́ lórí fóònù. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ti buwọ́ lù ú, wọ́n ṣì lè fagi lé e bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Nítorí náà, tíkẹ́ẹ̀tì tó gbà kéèyàn yí ọjọ́ rẹ̀ padà ni kí ẹ rà, bó bá tiẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ.

Gbígba físà orílẹ̀-èdè tí kò kàn yín

Aṣọ sójà Amẹ́ríkà ni àbúrò mi wọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jámánì ló wà. Mo mọ ìdílé kan lọ́nà Ọ̀dà tí wọ́n wá físà Amẹ́ríkà títí wọ́n fi rí i, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó mọ̀ pé físà yẹn kò lè gbé wọn wọ Jámánì tí ọmọ wọn wà. Ìwé àṣẹ tí sójà fi ń gbé níbẹ̀ bo ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Kò bo ìyá tó wá kí i, kò sì bo ẹ̀gbọ́n.

Físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni ti Jámánì. Láti oṣù Kẹfà 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, yúrò 45 fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ bó bá ti ku oṣù mẹ́fà sí ìrìn àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín ní 15. Ẹ má dúró de ọjọ́ 15 yẹn rárá. Inṣọ́ránsì ìrìn àjò tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lára ìwé yín, páásípọ́ọ̀tù sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta sí i lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò níbẹ̀.

Ti Sáípírọ́ọ̀sì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìlú Ọba ní ibùdó ológun méjì níbẹ̀, Akrotiri àti Dhekelia, apá gúúsù erékùṣù náà ni méjèèjì wà. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé ní Sáípírọ́ọ̀sì sì pọ̀, apá àríwá, tí kò sí lábẹ́ àkóso ìjọba Sáípírọ́ọ̀sì, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, wọ́n á gba Tọ́kì kọjá lọ bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ercan. Bí ejẹ́ǹtì kan bá ní kí ẹ gba ọ̀nà yẹn lọ kí ọmọ yín ní Akrotiri torí ó dín owó, ẹ má gbà fún un. Lójú ìjọba Sáípírọ́ọ̀sì, ẹni tó bá gba Ercan wọlé wọ ìlú lọ́nà àìtọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ má ní kí ọmọ ya fọ́tò káàdì ológun rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kí ẹ lè kó o mọ́ ìwé físà. Òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba kí wọ́n kàn máa ṣe ẹ̀dà káàdì yẹn kiri. Lẹ́tà ìpè, ẹ̀rí ilé tó ń gbé àti lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá. Ọ́fíìsì kan máa ń wà ní bárékè wọn tó ń gba sójà nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ibẹ̀ ni kó ti lọ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ẹbí wá.

Orúkọ tí kò bára mu, owó tó dédé balẹ̀

Abúlé oko kòkó kan lẹ́yìn Oǹdó ni wọ́n ti bí Màmá, kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ ṣe páásípọ́ọ̀tù, ọdún kan ló wà lórí NIN wọn, òmíràn ló wà ní báńkì. Orúkọ ìrìbọmi wọn ṣáájú lórí ọ̀kan, kò sí lórí èkejì rárá. Oṣù méjì gbáko la fi tún un ṣe kí a tó forí lé ọ́fíìsì páásípọ́ọ̀tù. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tó máa bá yín lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, kí ẹ tó ronú kan ti ara yín. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2025, páásípọ́ọ̀tù ọdún márùn-ún ti di 100,000 náírà, ti ọdún mẹ́wàá di 200,000. Owó tó tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń san lẹ́ẹ̀mejì nítorí lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ.

Ní ti báńkì, ẹ má lọ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ẹ dà á sí àkáǹtì Bàbá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò máa béèrè ibi tó ti wá. Owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé lóṣooṣù, tàbí owó kòkó tó ní rìsíìtì, níyì lójú wọn ju mílíọ̀nù tó dédé balẹ̀ lọ.

Ẹrù oúnjẹ

Kò sí bí ìyá Oǹdó ṣe máa lọ kí ọmọ tí kò ní gbé àsun dání. Màmá ti sun ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n fi ata rodo sí i bí àbúrò mi ṣe ń fẹ́ ẹ, wọ́n fi fóìlì wé e lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n wá fi ìró àǹkárá di í sáàárín ẹrù. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, torí mi ò fẹ́ bà wọ́n nínú jẹ́.

Ní Frankfurt, ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ ní kí a gbé báàgì yẹn sórí tábìlì. Ó tú ìró náà, ó tú fóìlì. Òórùn àsun gba gbogbo ibẹ̀. Màmá dì mí lápá mú.

“Bá mi sọ fún un pé ọmọ mi ló máa jẹ ẹ́. Mi ò gbé e wá tà.”

Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé òun mọ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ jù sínú garawa ńlá kan lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ò kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n ń wo garawa yẹn ṣáá.

Ẹ gbọ́ mi o: ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹran àti wàrà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, ì báà ṣe àsun, kílíṣí, pọ̀ǹmọ́, ẹran ìgbẹ́ tàbí wàràkàṣì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ó gbẹ tàbí kò gbẹ. Ẹja ni wọ́n gbà, ó lè tó kílò 20 fún ẹnì kan. Ẹja yíyan tí Màmá rà ní ọjà Ọba kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, gàrí àti èlùbọ́ wa náà kọjá. Ẹ má gbé odindi iṣu, ewé tútù tàbí ata tútù láìní ìwé ẹ̀rí ìjọba tó sọ pé kò sí kòkòrò lára wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó wà lára ìwọ̀nba èso tí wọn ò béèrè ìwé fún. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ fún ìyá pé kó má gbé oúnjẹ dání. Ẹ sọ fún wọn nílé. Ó sàn ju kí wọ́n rí i nínú garawa.

Ìwà nínú bárékè

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ mọ bí ẹnu ọ̀nà bárékè Ọwẹ́nà ṣe rí, níbi tí 32 Artillery Brigade wà. Kò sẹ́ni tó máa dúró níbẹ̀ yọ fóònù ya fídíò. Èé ṣe tí a fi ń gbàgbé bí a bá ti dé ìlú òyìnbó? Ọmọ mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láìfù lórí Facebook lẹ́nu géètì kí n tó yíjú. Ẹ̀ṣọ́ jáde sí wa, ó ní kó pa á rẹ́ lójú òun. Ojú àbúrò mi pọ́n, torí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé òun ló mú wa wá. Bí àlejò ṣe ń wọlé nìyẹn: sójà fúnra rẹ̀ á wá forúkọ yín sílẹ̀, ẹ̀yin á mú páásípọ́ọ̀tù dání, ẹ ò sì ní máa dá rìn. Ohun tí ẹ bá ṣe, ọrùn rẹ̀ ló wà. Kódà bí ẹ bá padà délé, ẹ má gbé fọ́tò tí orúkọ àti àmì ikọ̀ rẹ̀ hàn síta, ẹ má sì kọ ọ́ pé “ọmọ wa ń lọ síbi báyìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ bá wa gbàdúrà.” Ẹ gbàdúrà náà nínú yàrá.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọjà. Ìbátan wa kan ti fi ìwé gígùn lé mi lọ́wọ́ kí a tó kúrò nílé: lọ́fíńdà méjìlá, fóònù mẹ́ta, bàtà, torí ó ti gbọ́ pé ọjà inú bárékè kò lówó orí. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n sójà àti ẹbí tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Àlejò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni sójà kò gbọ́dọ̀ máa rà á fún ẹlòmíràn láti lọ tà. Kọ́sítọ́ọ̀mù Jámánì lè mú un, ọ̀gá rẹ̀ sì lè fìyà jẹ ẹ́. Mo dá ìwé yẹn padà fún ẹni tó ni ín. Ó bínú. Mo jẹ́ kó bínú.

Ìlera àti ọjọ́ ìpadàbọ̀

Ilé ìwòsàn inú bárékè kì í ṣe ti àlejò. Inṣọ́ránsì tí ẹ fi gba físà lẹ máa lò, ẹ jẹ́ kí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ní gbogbo ìgbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ, ẹ gbé e nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, ẹ má dà á sínú ọ̀rá. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé Nàìjíríà lẹ ti wá. Ibà ẹ̀fọn kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn.

Ọjọ́ tó pọ̀ jù lọ tí físà náà gbà ni 90 nínú ọjọ́ 180, ó sì lè jẹ́ iye tó kéré sí i ni wọ́n kọ sórí tiyín. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ka ìka àti ojú àlejò nígbà tó bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Bí ẹ bá lò kọjá ọjọ́ yín, ẹ̀rọ á sọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ bárékè, àlejò tó bá máa sùn nílé tí ìjọba fún sójà ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ nílò ìyọ̀ǹda ọ̀gá pẹ̀lú.

Fífẹ́ kí ọmọ jókòó tì yín

A ti ṣètò pé á gbé wa lọ sí Paris, á gbé wa lọ síbí, á gbé wa lọ sọ́hùn-ún. Líìfù ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún un nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a lò. Àwọn ọjọ́ yòókù, aago márùn-ún ìdájí ló ń jí, bó bá sì dé lálẹ́, orí àga ló ń sùn lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ní kò ráyè ti àwọn. Wọ́n tún ń bínú pé wọn ò lè kọrin àdúrà ìdájí, torí ní Jámánì, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pariwo dí aládùúgbò lọ́wọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú rẹ̀. Wọ́n á se omi tíì, wọ́n á jókòó sórí àpótí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti tẹ̀ ba láti so okùn bàtà rẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ki oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọmọ náà ti so okùn tán tipẹ́, kò ní dìde.