Kíkó Àwo Orin Ìtura Àtijọ́ Jọ, àti Bí A Ṣe Lè Sọ̀rọ̀ Lé Wọn Lórí

Nínú gbogbo orin tó wà lórí àwo fáínìlì, orin ìtura tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ńláńlá ṣe láàárín nǹkan bí ọdún 1947 sí 1970 ni àwọn ènìyàn fojú tín-ín-rín jù, nítorí wọ́n gbà pé ńṣe ni wọ́n ṣe é kí ó kàn máa dún lábẹ́lẹ̀ nígbà tí onílé bá ń ṣe nǹkan mìíràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olùtò orin àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ni àwọn àwo wọ̀nyí, ẹni tó bá sì fẹ́ kó wọn jọ lọ́nà tó nítumọ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ náà àti ohun tí oníkálukú wọn ṣe, kí ó sì máa fi orúkọ wọn wá àwo kiri, dípò kí ó máa ra ohunkóhun tí àwòrán iwájú rẹ̀ bá ṣáà ti lẹ́wà.

Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ni ti Ronald Binge, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Mantovani ni ẹ ó rí gàdàgbà lójú páálí. Mantovani ni ó darí ẹgbẹ́ akọrin náà, ṣùgbọ́n Binge ni ó to “Charmaine”, orin tó sọ wọ́n di ìlú-mọ̀ọ́ká ní 1951. Ó pín àwọn tó ń ta fáyólìn sí ọ̀wọ́ mélòó kan, ó sì pín ohùn orin náà káàkiri láàárín wọn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀wọ́ kan bá mú ohùn kan, yóò dì í mú títí tí ọ̀wọ́ kejì yóò fi mú èyí tó tẹ̀ lé e, tí ìkẹta yóò sì tún gbà á lẹ́nu wọn. Etí á máa gbọ́ ọ bí ẹni pé inú ilé ìjọsìn gíga kan tí ohùn ti ń dún padà ni wọ́n wà, bẹ́ẹ̀ orí ìwé orin ni ìdúnpadà náà ti wá, kì í ṣe láti inú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti mọ èyí yóò lè sọ èyí tí wọ́n ti lo ọgbọ́n náà dáadáa nínú àwọn àwo Mantovani yòókù, àti èyí tí wọ́n kàn fi ṣe àṣetúnṣe.

Percy Faith, tí “Theme from A Summer Place” rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ 9 wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní 1960, Bert Kaempfert ará Jámánì, àti Paul Mauriat ará Faransé, tí “L'amour est bleu” rẹ̀ gba ipò kan náà ní 1968, kò ṣòro rárá láti rí. Àwo wọn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ lọ jàra, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó gọbọi lé wọn, ẹ̀dà tó mọ́ tónítóní sì ni kí ẹ dúró dè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gba àyẹ̀wò ni orin tí wọ́n ń pè ní exotica, ìyẹn orin ìtura tó ń ṣàfarawé àwọn erékùṣù ọ̀nà jíjìn. Les Baxter ni ó kọ “Quiet Village”, ó sì fi ẹgbẹ́ akọrin ńlá gbé e jáde ní 1951. Martin Denny mú orin náà, ó fi ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ṣe é ní Honolulu, pẹ̀lú dùùrù, vibraphone (ohun èlò onírin tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù) àti oríṣiríṣi ìlù, àwọn akọrin fúnra wọn sì ń fi ẹnu ké bí ẹyẹ láàárín orin. Oṣù Kejìlá ọdún 1956 ni wọ́n gba àwo “Exotica” rẹ̀ sílẹ̀ ní mónò, ìyẹn ohùn kan ṣoṣo tí kò pín sí apá òsì àti ọ̀tún, Arthur Lyman sì ni ó wà nídìí vibraphone. Nígbà tí sìtẹ́rìó, tó ń pín ohùn sí apá òsì àti apá ọ̀tún, dé, wọ́n tún gbogbo orin inú rẹ̀ gbà ní 1958, ṣùgbọ́n Lyman ti kúrò lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, Julius Wechter ni ó sì wà ní ipò rẹ̀. Àwo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń wò, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: mónò ni èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ LRP 3034, sìtẹ́rìó sì ni LST 7034. Denny fúnra rẹ̀ sọ pé mónò ni òun fẹ́ràn jù, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ohùn ìlù àti ti ẹyẹ wọnú ara wọn nínú rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rí nínú èkejì lọ. Ẹni tó bá lè ní méjèèjì kí ó ní wọn, nítorí pé fífi wọ́n wé ara wọn jẹ́ ẹ̀kọ́ tí owó púpọ̀ kò lè rà.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fi ń sọ pé lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà àwo ni kí ojú kọ́kọ́ lọ. Ní ilé-iṣẹ́ àwo Capitol, T dúró fún mónò, ST fún sìtẹ́rìó, DT sì fún àwo mónò tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di bí sìtẹ́rìó lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á tán. Ní Columbia ti Amẹ́ríkà, CL ni mónò, CS sì ni sìtẹ́rìó. Ní RCA Victor, LPM àti LSP ni wọ́n ń lò, bí ẹ bá sì rí lẹ́tà e kékeré lẹ́yìn nọ́ńbà LSP, ayédèrú sìtẹ́rìó ni. Ẹ sá fún ayédèrú yìí níbikíbi tí mónò rẹ̀ bá wà, nítorí pé ohùn tó nípọn ni wọ́n sábà ń darí sí apá kan, tí wọ́n á darí èyí tó tínrín sí apá kejì, gbogbo bí olùtò orin ṣe fi ohun èlò sí ipò wọn á sì dàrú.

Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà náà ni kò ní ọdún lára. Ìwé róbótó àárín àwo lè ràn yín lọ́wọ́: fún àpẹẹrẹ, àwo Columbia tó ní àmì ojú mẹ́fà lára ìwé náà jẹ́ ti ìgbà tó ṣáájú nǹkan bí 1962. Ẹ tún wo ibi tí orin parí sí, ní ẹ̀bá ìwé yẹn, níbi tí wọ́n ti họ nọ́ńbà àti lẹ́tà sára fáínìlì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá tún àwo náà gé láti orí téèpù, nọ́ńbà ibẹ̀ ni ó máa ń fi hàn, páálí sì lè má yí padà rárá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi wé àkọsílẹ̀ tó wà lórí Discogs, ìkànnì àkọsílẹ̀ àwo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Láàárín 1958 sí nǹkan bí 1963, sìtẹ́rìó ṣì jẹ́ ohun ìyanu, ọ̀pọ̀ olórin sì ń kọ orin nítorí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Command ti Enoch Light ni ó lọ jìnnà jù lójú ọ̀nà yìí. “Persuasive Percussion” tí wọ́n gbé jáde ní 1959 fi ọ̀sẹ̀ 13 wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, Josef Albers, gbajúgbajà ayàwòrán, ni ó sì ya àmì tó-tò-tó tó wà lójú páálí rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ páálí náà nù bó ti wù kí ó ya tó, nítorí pé ó ní àlàyé nípa orin kọ̀ọ̀kan, ibi tí ohun èlò wà àti ohun tó yẹ kí olùgbọ́ kíyè sí. Ẹ ka àlàyé náà bí àwo bá ṣe ń lọ, ìyẹn gan-an ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ́ etí.

Ní tèmi, Juan García Esquivel ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ará Mẹ́síkò ni, RCA Victor ni ó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, kò sì sí ohun tí kì í fi sínú orin: dùùrù tí ń sáré, gìtá onírin tí ń yọ́, àwọn akọrin tí ń sọ “zu-zu-zu” dípò ọ̀rọ̀. Fún “Latin-Esque” ti 1962, ńṣe ni wọ́n pín ẹgbẹ́ akọrin sí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ méjì kí ohùn apá òsì má baà kán sí ti apá ọ̀tún rárá. Ẹni tí kò bá tíì rí àwo rẹ̀ rà lè kọ́kọ́ gbọ́ “Space Age Bachelor Pad Music”, àkójọ orin rẹ̀ tó jáde lórí CD ní 1994, kí ó tó mọ èyí tí yóò wá.

Kò yẹ kí a gbàgbé àwọn orin tó ṣàjèjì gan-an. “Music Out of the Moon” ti 1947, tí Les Baxter darí, ní theremin nínú, ìyẹn ẹ̀rọ orin tí olórin kì í fọwọ́ kàn, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń ju ọwọ́. Samuel Hoffman ni ó lò ó, Neil Armstrong sì mú orin náà dání lórí téèpù nígbà ìrìn-àjò Apollo 11 ní 1969. Jean-Jacques Perrey àti Gershon Kingsley fi abẹ gé téèpù wẹ́wẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di orin ní 1966. Ẹ tún máa ṣọ́ àwo KPM àti De Wolfe, tí wọ́n tẹ̀ fún àwọn olùṣe fíìmù, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí wọn kò sì tà fún ará ìta. Nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, wọ́n wọ́n, kò sì dára kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi wọ́n ṣáájú.

Ní ti ipò tí àwo wà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpò, kí ẹ dì í mú ní etí rẹ̀, kí ẹ sì dà á síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀. Ipa ìka ọwọ́ tàbí eruku tó hàn lé e lórí kì í ṣe ewu, wọ́n á fọ̀ kúrò. Ohun tó yẹ kí ó bà yín lẹ́rù ni dídán tó ti kú, níbi tí ìlà orin ti di eérú-eérú, pàápàá níbi tí orin ti máa ń pariwo, nítorí àmì pé abẹ́rẹ́ wúwo ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Àwọn àwo sìtẹ́rìó tí wọ́n lù lórí ẹ̀rọ mónò àtijọ́ sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Orin ìtura kì í fi irú àìsàn yìí pa mọ́, nítorí ó ní ìdákẹ́jẹ́ púpọ̀ nínú. Bí òǹtajà bá kọ G (“Good”) sí àwo, ẹ má rò pé ó dára: lẹ́tà yẹn ti lọ sísàlẹ̀ gan-an lórí òṣùwọ̀n tí àwọn olówò ń lò, ariwo yóò sì pọ̀ nínú rẹ̀. VG+, ìyẹn àwo tó ṣì dára púpọ̀, ni ìpele tí mo máa ń gba ènìyàn níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ sí í rà, NM, ìyẹn èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun, sì ni fún Mantovani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó pọ̀ lọ́jà.

Omi distilled (omi tí wọ́n fi ooru sọ di mímọ́), ẹ̀kán ọṣẹ díẹ̀ tí kò ní òórùn, àti aṣọ rírọ̀ tó ń yípo tọ ìlà orin, wọ́n tó fún fífọ fáínìlì. Ẹ má ṣe fi ọtí líle kankan kan àwo 78 (àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) láéláé, nítorí pé shellac ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ọtí sì máa ń yọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ náà kò jọra: àwo 78 ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tó nǹkan bí 0.076 mílímítà, mónò onífáínìlì 0.025, sìtẹ́rìó 0.018. Bí ẹ bá ń lu mónò lórí ẹ̀rọ sìtẹ́rìó, ẹ tẹ bọ́tìnì mónò lára ampilifáyà, ẹ ó rí i pé ariwo eruku yóò dínkù lójú ẹsẹ̀. Ẹ to àwo ní ìdúró, ẹ má to wọ́n lé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ sísọ lórí orin yìí ń fẹ́ ìṣọ́ra tó pọ̀ bíi ti rírà rẹ̀. Bí ẹni kan bá ní orin dùn, tí èkejì ní ó dùn lóòótọ́, kò sí ẹni tó kọ́ nǹkan kan. Ẹ sọ ẹ̀dà tí ẹ gbọ́, pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ dárúkọ olùtò orin bí ó bá wà lẹ́yìn páálí. Kí ẹ sì sọ ibi tí ohun tí ẹ ń sọ ti ṣẹlẹ̀, bí àpẹẹrẹ, pé fèrè wọlé láti apá òsì ní ìṣẹ́jú kejì, pé àwọn olóhùn sì dá a lóhùn láti apá ọ̀tún. Nígbà náà ni ẹni tó ní ẹ̀dà mìíràn yóò lè sọ bóyá tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe sá fún ìbéèrè tó le. Erékùṣù tí Baxter fojú inú rí ni exotica kún fún, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ láì kọ ọgbọ́n orin inú rẹ̀. Korla Pandit, tó ń ta dùùrù lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú láwàní lórí, tí wọ́n ń pè ní ará Íńdíà, John Roland Redd ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, òtítọ́ náà kò sì hàn sí gbogbo ayé títí di 2001, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa orin rẹ̀ kò lè pé bí a kò bá mẹ́nu kan ohun tó mú kí ó gbé ayé bẹ́ẹ̀. Bákan náà, “Drums of Passion” tí Babatunde Olatunji ṣe fún Columbia ní 1960 jáde sí ọjà kan náà tí àwo ìlù sìtẹ́rìó ti ń tà wàràwàrà, ọ̀pọ̀ òǹtajà sì ṣì ń tò ó mọ́ exotica. Orin Yorùbá ni “Akiwowo” àti “Shango” tó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe àròsọ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì gbọ́ èdè náà ní ohun púpọ̀ láti là yé àwọn tó ti ní àwo náà fún ọdún gbọọrọ láì mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀dà méjì wé ara wọn níwájú àwọn ẹlòmíràn, ẹ rí i pé ohùn wọn dọ́gba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èyí tó bá pariwo ju èkejì lọ ni etí sábà máa ń yàn. Ẹ lo abẹ́rẹ́ kan náà, ẹ fọ àwo méjèèjì, ẹ má sọ èyí tó jẹ́ mónò tàbí sìtẹ́rìó fún wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí oníkálukú kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.